Oúnjẹ Àlàájà ní Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí Bàbá lọ: ẹja wà bó ṣe wà, ìkókóre ló kù díẹ̀ káàtó

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kó tó di pé ẹnì kan bá mi wí: ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi àti búkà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí dojú kọra. Títì tóóró kan àti gọ́tà kan ló wà láàárín wa. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń jẹun níbẹ̀, mo sì ti jẹ gbèsè níbẹ̀ ju iye tí ẹnu mi lè sọ ní gbangba lọ. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ àlejò tó kàn yà jẹun lẹ́ẹ̀kan, tèmi kọ́ nìyí. Àlàájà tó ni búkà mọ̀ pé mo fẹ́ kọ ọ́. Wọ́n ní, "Tẹ́lọ̀, bó ṣe rí gan-an ni kó o wí o. Má fi eérú bo iná nítorí tèmi." Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ìkókóre wọn kì í ṣe tuntun sí wọn. Mo ti sọ ọ́ lójú wọn, wọ́n sì ti fi ìgbakọ lé mi jáde lórí rẹ̀.

Ìbéèrè ló pọ̀ jù tí mo fi ń kọ ọ́. Láti ìgbà tí búkà ti ṣí padà, àwọn oníbàárà àtijọ́, àwọn tó ń gba Ìtòìkín bọ̀ láti Ìkòròdú àtàwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Àjá, wọ́n á dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bó ṣe wà náà ni?" Wọ́n ti gbọ́ pé Bàbá, ọkọ Àlàájà, ṣaláìsí. Ojú ń tì wọ́n láti bi Àlàájà.

Ìdáhùn mi rèé. Ẹja: bó ṣe wà náà ni, ìgbà mìíràn ó tún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀bà: gàrí Ìjẹ̀bú kíkan ni, kò sí àlébù lára rẹ̀. Ọbẹ̀ ata: ó ṣì ń fa omi lójú. Ìkókóre: rárá o. Ọ̀rọ̀ ìkókóre yìí ló sì máa gùn jù, torí ọ̀rọ̀ Bàbá ni.

Ẹni tí kì í ṣe ará Ìjẹ̀bú á rò pé àsáró ni ìkókóre. Wọn ò jọra. Iṣu ni wọ́n ń fi se àsáró, ewùrà ni ti ìkókóre. Wọ́n á bó ewùrà, wọ́n á rin ín. Ata á ti máa hó lórí iná pẹ̀lú epo pupa, ẹja yíyan, edé àti pọ̀nmọ́. Wọ́n á wá máa fi ọwọ́ bu ewùrà rírin náà sínú ata díẹ̀díẹ̀, wọ́n á dé e, wọn ò ní fọwọ́ kàn án títí tó fi máa dì. Ẹni tó bá kánjú rò ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Tó bá jinná, ẹ ó rí i lókókó lókókó nínú ata, òmíràn á tóbi bí àtàǹpàkò, òmíràn ò ní ju ẹyin àdàbà lọ, epo á ti wọ inú wọn. Kókó yẹn lèèyàn ń jẹ. Ìkókóre tí kò bá ní kókó, kí la fẹ́ pè é?

Ewùrà wá ní ìwà burúkú kan: ó máa ń yún ni. Àwọn kan á fi epo pa ọwọ́ kí wọ́n tó rin ín, ó sì máa ń gbà fún wọn. Fún Àlàájà, epo ò gbà rárá. Ọwọ́ wọn á wú, á sú dé ìgúnpá, wọ́n á máa họ ọ́ títí di alẹ́. Bí Bàbá ṣe gba iṣẹ́ náà nìyẹn. Kì í ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe ìgbà tí ara Àlàájà ò yá nìkan. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi dé àdúgbò yìí ni mo ti ń rí wọn láràárọ̀ lórí àpótí kékeré níwájú búkà, ṣòkòtò ká dé orúnkún, bàsíà láàárín ẹsẹ̀, wọ́n ń rin ewùrà fún ìyàwó wọn.

Ẹ rántí pé mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n. Èèyàn gíga ni, ohùn wọn nípọn, àwọn apẹja tó tó ọkùnrin máa ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Àwọn tó ń kọjá á wá máa dápàárá: "Bàbá, ṣé ìyàwó yín ló ń lò yín báyìí?" Bàbá ò ní gbójú sókè. "Ó ń lò mí, ó sì ń bọ́ mi. Ìwọ tí kò sẹ́ni tó ń lò ọ́, ta ló bọ́ ẹ láàárọ̀ yìí?"

Ìrin náà pàápàá, àwọn ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á la agolo òróró, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á fi ìṣó dá a lu, wọ́n á kàn án mọ́ pákó. Ìṣó oríṣi méjì ni wọ́n ń lò, kékeré lápá òsì, ńlá lápá ọ̀tún, kí ewùrà lè jáde ní kíkúnná àti ní wúruwùru pọ̀. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní èyí tó kúnná ló ń mú èyí tí kò kúnná dì mọ́ra, bíi símẹ́ǹtì àti òkúta. Tó bá ti kú, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á ṣe òmíràn. N ò mọ ilé oúnjẹ mìíràn tí mẹkáníìkì ti ń bójú tó ewùrà.

Ní báyìí, ẹ̀rọ ni ọmọbìnrin tó ń ran Àlàájà lọ́wọ́ fi ń lọ̀ ọ́. Ó kúnná kúnná bí ẹ̀kọ. Adùn rẹ̀ wà o, n ò ní parọ́: epo pé, ẹja yíyan pé, ata mú bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ó fi ìka gbá gbogbo àwo kiri, ẹ ò ní bá kókó mẹ́ta pàdé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí, mo gbé àwo mi lọ bá Àlàájà nídìí ààrò. Mo ní, "Àlàájà, kókó dà?" Wọ́n wo inú àwo, wọ́n wo èmi náà. "Ẹni tó ń ṣe kókó ti lọ, Tẹ́lọ̀." Mo fẹ́ sọ pé mi ò ní in lọ́kàn báyẹn. Ìgbà yẹn ni ìgbakọ jáde.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹja, ibẹ̀ dùn jù. Ọjà Olúwò ni wọ́n ti ń rà á, ọjà ẹja tó wà létí omi tí gbogbo Èkó mọ Ẹ̀pẹ́ mọ́, tí wọ́n ti ń ta ọ̀yà, ahun àti ọ̀nì pẹ̀lú, èyí tí àwọn àlejò máa ń tìtorí ẹ̀ yọ fóònù. Tí Bàbá bá ti kírun Àsùbáà tán, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Wọn kì í ná ẹja títí. Wọ́n á ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò bóyá inú rẹ̀ ṣì pọ́n, wọ́n á tẹ ikùn rẹ̀, wọ́n á ní "èyí sùn síbí" tàbí "èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé." Èyí tó bá sùn síbẹ̀, kì í dé inú ìkòkò Àlàájà. Ọ̀bọ̀kún ni wọ́n fẹ́ràn jù, lẹ́yìn náà àrọ̀, ẹpìyà tí kò bá sí méjèèjì.

Kò síbi tí wọ́n ti lè rẹ́ wọn jẹ lọ́jà yẹn, torí ẹ́ńjìnnì tó gbé ìdajì ẹja náà wá, ọwọ́ Bàbá ló kọjá. Ẹni tó ń gbé etí omi mọ ohun tí mò ń sọ. Tí ewéko orí omi bá ti dí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì láàárín ọ̀sà, tó sì kú, ẹja tí wọ́n pa á bàjẹ́ kí wọ́n tó fi àjẹ̀ wà á délé. Bàbá á wọkọ̀ lọ bá wọn níbẹ̀. Mo ti rí wọn tí wọ́n padà dé lálẹ́ tí aṣọ wọn tutù dé àyà, Àlàájà á ti gbé omi gbígbóná sílẹ̀ dè wọ́n, ẹni tí wọ́n lọ bá á ní, "Bàbá, owó yín di ọ̀la." Ọ̀la yẹn, òmíràn ò dé títí dòní.

Àbíkẹ́yìn wọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ló ń lọ sí Olúwò báyìí. Mo ti rò pé ẹja máa burú, torí ọmọ náà ò mọ èyí tó sùn yàtọ̀ sí èyí tó jí. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ọjà ni wọ́n ń bá a ṣà á. Tó bá ti yọjú, wọ́n á ní "ẹja Bàbá rèé," wọ́n á yọ ọ́ lábẹ́ àwọn tó kù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí búkà padà, kí oòrùn tó mú, ọmọdékùnrin kan gbé àpò kan wá, omi ń jò lára rẹ̀. Ọ̀bọ̀kún méjì ló wà níbẹ̀, èyí tó kéré nínú wọn tó apá mi. Ó ní ìyá òun ní kí òun gbé e wá, pé owó ẹ́ńjìnnì ni. Àlàájà ní, "Ẹ́ńjìnnì wo?" Ọmọ ò mọ̀. Wọ́n bi àbíkẹ́yìn, kò mọ̀. Wọ́n pè mí láti òdìkejì, bí ẹni pé èmi ni mo ń kọ ìwé fún Bàbá. Kò sẹ́ni tó mọ ẹ́ńjìnnì náà títí di òní. A jẹ ọ̀bọ̀kún náà.

Àwọn tí wọn ò mọ Bàbá dáadáa máa ń kí wọn pé "Àlàájì." Wọ́n á dá a padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "Àlàájì kọ́ o. Ọkọ Àlàájà ni mí." Òótọ́ ni. Nígbà tí owó tí wọ́n ń tọ́jú fún Mẹ́kà ò lè gbé èèyàn méjì, Bàbá ta ọkọ̀ ojú omi wọn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Yamaha tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó di owó ẹnì kan péré. Wọ́n ní kí ìyàwó máa lọ, pé àwọn ń bọ̀ lọ́dún mìíràn. Ọdún mìíràn yẹn di owó ilé ìwé, ó di òrùlé, owó ọkọ̀ òfúrufú náà ń lọ sókè, wọn ò lọ mọ́. N ò gbọ́ kí wọ́n fi ṣe ìròyìn rí. Ẹnu Àlàájà ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ.

Ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ ni Bàbá, ọmọ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ni Àlàájà. Ẹni tí kì í ṣe ará ibí ò ní mọ ohun tó wà nínú ìyẹn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àtàwọn ènìyàn rẹ̀ sá wá, wọ́n bá àwọn Ìjẹ̀bú nílẹ̀. Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀ padà sí Èkó ní 1862, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e wá ò padà. Bàbá ní ti bàbá ńlá àwọn, oúnjẹ ló dá a dúró. Tí wọ́n bá ti ń rin ewùrà, tí ẹnì kan nínú àwọn ará ilé Àlàájà bá kọjá, Bàbá á gbé ìrin sókè fi hàn án: "Àna mi, ẹ wò ó o, owó ilẹ̀ ni mò ń san."

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni búkà kì í gba owó lọ́dún. Káyókáyó ni, ọdún tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ máa ń ṣe lẹ́yìn Iléyá láti fi rántí ìwásí yẹn. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bàbá á ní àwọn ò lè máa kí ara àwọn pé ká yó, ká yó, kí àwọn tún máa ka owó. Ẹni tó bá yà á jẹ, ìbáà ṣe awakọ̀ tí kò mọ ọdún tí wọ́n ń ṣe. Ti èyí tó kẹ́yìn, wọ́n jókòó sórí àga ni, wọn ò lè dìde pín oúnjẹ mọ́, wọ́n ń fi ìka júwe ẹni tí wọn ò tíì fún.

N óò sọ tèmi náà. Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba sé Èkó mọ́ nítorí kòrónà. Kónílé-ó-gbélé. Ẹ̀yin tí ẹ kì í rán aṣọ ò lè mọ̀: kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìsìnkú, kò sí ìsọmọlórúkọ, ta ló fẹ́ rán aṣọ ẹbí? Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ kejì, gàrí tó wà nílé mi ti dé ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì. Bàbá gba ẹ̀yìnkùlé wá. Wọn ò bi mí bóyá mo ti jẹun. Wọ́n ní, "Tẹ́lọ̀, àwọn ọmọ mi tó ń lọ sódò ò ní ìbomú, àwọn ọlọ́pàá sì ń dà wọ́n láàmú. Rán àádọ́ta fún mi." Wọ́n ka owó sílẹ̀. Mo rán an pẹ̀lú àjákù àǹkárá. Ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ti rí i lẹ́nu àwọn apẹja, wọ́n ń bi wọ́n pé ta ló rán an. Ìbomú ni mo fi bọ́ ìyàwó àtọmọ títí wọ́n fi ṣí ìlú. Ní gbogbo àkókò yẹn, abọ́ oúnjẹ ń sọdá títì wá lálaalẹ́. Nígbà tí mo wá fẹ́ san án, mo ní kí wọ́n ṣí ìwé gbèsè. Orúkọ mi wà níbẹ̀, gbèsè oṣù kejì wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹta sí oṣù kẹjọ, òfìfo.

Mo ní ìwé tèmi náà, ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Ojú ewé Bàbá ti gbó, àmì ìka epo dúdú wà ní igun rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀n wọ́n, àyà jẹ́ ínṣì 46. Gbogbo Iléyá ni mo máa ń wọ̀n wọ́n ní ọ̀tun, mo sì máa ń kọ ọ́ sábẹ́ ti àtijọ́: 46, 46, 45 àbọ̀, 46. Iléyá tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, 43. Èyí tó kẹ́yìn, 39. Mo tún téèpù fà, mo rò pé mo ṣì í. Bàbá ń wò mí. Wọ́n ní, "Kọ 42 síbẹ̀. Ara ń bọ̀ wá kún un." Mo kọ 42, mo sì rán an ní 42.

Wọ́n wọ bùbá yẹn lọ sí yídì, ó rọ̀ sára wọn bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ ìṣó. Lọ́jọ́ kejì, Àlàájà fi ìborùn bò ó wá sí ṣọ́ọ̀bù. "Bá mi dín in síbi tó yẹ, Tẹ́lọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀." Mo tú u, mo dín in sí 39, mo fi ẹ̀rọ gba ojú ibi tí wọ́n ti rán an tẹ́lẹ̀ kí ó má hàn. Lọ́jọ́ Jimọ̀, Bàbá wọ̀ ọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n yà sọ́dọ̀ mi, wọ́n fi ọwọ́ nu àyà bùbá. "Ṣé o rí i báyìí? Mo sọ fún ẹ pé ara máa kún un." N ò mọ̀ títí dòní bóyá wọ́n mọ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n lọ. Kí ìrun Àlàásárì tó wọlé, wọ́n ti sin wọ́n. Gbogbo aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá, abẹ́rẹ́ mi ló kọjá lára rẹ̀, ṣùgbọ́n lìkáfáànì ò nílò tẹ́lọ̀. Aṣọ funfun mẹ́ta ni ti ọkùnrin, wọn kì í rán an. Èmi ni wọ́n ní kí n wá gé e. N ò mú ìwé dání.

Lọ́jọ́ kẹjọ, níbi fìdáù, Àlùfáà ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n ní ẹni tí Bàbá bá jẹ ní gbèsè kó jáde. Ọ̀gbẹ́ni kan jáde lóòótọ́, ó ní owó bátìrì kan, ₦1,200. Àkọ́bí san án lójú ẹsẹ̀, gbogbo èèyàn ń wo ọ̀gbẹ́ni náà bí ẹni tó jí ewúrẹ́. Lójú tèmi o, kò ṣẹ̀, òtítọ́ ló sọ, ohun tí Àlùfáà sì béèrè nìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ni wọ́n jẹ Bàbá. Òmíràn ò rántí iye rẹ̀, ó kàn gbé owó sílẹ̀. Àlùfáà ní, "Ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè kọ́ ni mo pè." Wọn ò jókòó.

Àwọn ọmọ fẹ́ kí ọmọbìnrin tó ń ṣèrànwọ́ máa tà á lọ. Àlàájà ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n fi wà nínú opó ni ilẹ̀kùn fi wà ní títì. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà ni mo ń jẹ, ẹ má jẹ́ ká sọ ibi tí mo ti ń rà á.

Ó yá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Kò ní pátákó. Tí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ níbi tí atẹ́gùn omi ti ń fẹ́, ẹ béèrè ọ̀dọ̀ Àlàájà ẹlẹ́ja, ọlọ́kadà èyíkéyìí á gbé yín débẹ̀. Wọ́n ń ṣí ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ọ̀bọ̀kún kì í dé aago méjì. Àwo ìkókóre ₦1,500, ẹ̀bà ₦500 lẹ́yọ kan, ọ̀bọ̀kún bẹ̀rẹ̀ láti ₦3,500, orí rẹ̀ wọ́n jù ú lọ. Mo mọ̀ pé ó ti wọ́n. Ẹ lọ wo iye tí wọ́n ń ta epo ọkọ̀ ojú omi kí ẹ tó bá Àlàájà jà.

Ohun tí n ò fẹ́ níbẹ̀: ọmọbìnrin tó ń bù ú yẹn lọ́wọ́ há. Ó máa ń fi ojú wọn èèyàn kó tó ki ṣíbí bọ ìkòkò, àwọn tó bá wọ aṣọ tó dáa ni ó ń bù fún dáadáa. Tí ẹ bá fi fóònù sanwó, kò ní gbé ẹran sórí oúnjẹ yín àfi tí ìró bá dún lórí fóònù Àlàájà, ẹ̀bà á sì ti tutù. Fáànù kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Àga aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti fọ́, Bàbá ti ní àwọn máa tún un ṣe. Àlàájà ò jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò, ẹ má jókòó síbẹ̀ o, n ò sọ pé kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún yín. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń tọ̀, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni gbogbo wọn ń yà sí, ẹ sì máa kí mi kí ẹ tó kọjá.

Sàárà Jimọ̀ ṣì ń lọ. Tí wọ́n bá ti kírun tán, ìkòkò ńlá kan á jáde síwájú búkà fún àwọn ọmọ ilé kéwú àti ẹnikẹ́ni tí kò bá ní. Mo rí ọkùnrin kan tó gbé Jíípù dúró lọ́sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún, ó tò sẹ́yìn àwọn ọmọ kéwú. Àlàájà bù fún un. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní olówó orí àwọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè rí.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ìkókóre ni ẹ ń tìtorí ẹ̀ wá, mo ní ìròyìn díẹ̀ fún yín. Ìrin tí Bàbá ṣe kẹ́yìn ṣì wà, ó kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àbíkẹ́yìn máa ń gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, á sọ ìrin náà kalẹ̀, á jókòó sórí àpótí. Kò tíì mọ̀ ọ́n rin. Apá kékeré nìkan ló ń lò, ó ń sá fún apá ńlá. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo ka kókó mẹ́rin nínú àwo mi. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ka mọ́kànlá, mo sì pariwo rẹ̀ sókè tí Àlàájà fi bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó gbìyànjú apá ńlá, ó rin ìka ara rẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n da gbogbo bàsíà náà nù, a jẹ ẹ̀bà.